Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ BD Kírípítò ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀: Ohun tí Wọ́n Mọ̀ Ọ́n Kọ́ àti Ohun tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ ní ìlú wa. Wọn kì í kọ́ni ní bí a ṣe ń ra kírípítò, ìyẹn owó orí ẹ̀rọ bíi Bitcoin, kí á tún un tà ní èrè, wọn kì í sì í kọ́ni ní kóòdù kíkọ. Iṣẹ́ ìmúgbòòrò òwò ní àwọn iléeṣẹ́ kírípítò ni wọ́n ń kọ́ni, èyí tí àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ ń pè ní BD (business development). Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ náà, ní ọjọ́ Sátidé àti ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, ₦80,000 ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrò mi ni pé owó náà tọ́ sí iṣẹ́ àṣedánrawò tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ, pé ẹ̀kọ́ wọn lórí òfin àti lórí àdéhùn iṣẹ́ kò tó nǹkan, àti pé ẹni tí ó bá torí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó wọn lọ síbẹ̀ yóò bínú.

Ìwé ìpolówó náà ni n óò kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ènìyàn lè jókòó sí Ifẹ̀ kí ó máa gba dọ́là lóṣooṣù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré, wọ́n sì fi àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí i, tí ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan létí òkun. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa wá, àwọn kan kò sì mọ̀ títí ẹ̀kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò kọ́ wọn ní bí a ṣe ń wo iye Bitcoin tí ń lọ sókè sódò. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tí ó ń kọ́ni pé kí á má ṣèlérí ohun tí ọwọ́ wa kò ká fún oníbàárà ni wọ́n fi irú ìlérí bẹ́ẹ̀ pe oníbàárà tiwọn.

Nígbà tí a wọlé tán, ọ̀rọ̀ yí padà. Olùkọ́ wa, tí tọmọdé tàgbà kíláàsì ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, àlàyé rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí Bitcoin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2009, tí Ethereum sì tẹ̀ lé e ní oṣù keje ọdún 2015, ọ̀pọ̀lọpọ̀ blockchain mìíràn, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń pa mọ́, tí kírípítò ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ni ó ti jáde, wàhálà kan náà ni ó sì ń bá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn fínra: ẹ̀rọ wà nílẹ̀, àwọn tí yóò lò ó ni kò tó. Ẹni tí ó ń ṣe BD fún blockchain kan ni ó ń lọ bá àwọn tí ó ṣe wọ́lẹ́ẹ̀tì (àpò owó orí ẹ̀rọ), àwọn ilé pàṣípààrọ̀ tí ènìyàn ti ń ra kírípítò, tí ó sì ti ń tà á, àti àwọn tí ó ń ṣe ètò owó yíyá, pé kí wọ́n jẹ́ kí ètò wọn máa ṣiṣẹ́ lórí blockchain tòun. Bí ó bá jẹ́ pé ilé pàṣípààrọ̀ ni ó gbà á síṣẹ́, òun ni yóò máa bá àwọn tí ó ní tókìnì tuntun, ìyẹn kírípítò tí iléeṣẹ́ kan ṣe fúnra rẹ̀, sọ̀rọ̀ lórí bí wọn yóò ṣe gbé e sórí àtẹ, òun náà ni yóò sì wá àwọn oníṣòwò ńlá tí yóò máa rà, tí wọn yóò sì máa tà, kí ọjà má baà dá páro. Ní iléeṣẹ́ ìsanwó, báǹkì ni yóò máa tọ̀ lọ, àti àwọn tí ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́ wá sílé láti òkè òkun, àti àwọn tí ń ra ọjà ní Ṣáínà. Ẹ̀gbọ́n sọ pé irú èyí tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ni ó súnmọ́ ẹni tí ó wà ní Nàìjíríà jù lọ, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé USDT àti USDC, àwọn kírípítò tí iye wọn so mọ́ dọ́là, ti di ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa fi ń sanwó ọjà, ẹni tí ó bá sì mọ bí oníṣòwò ṣe ń ronú ní ohun tí ẹni tí ó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kò ní.

Àpẹẹrẹ tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi jù ni ti MiniPay. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iléeṣẹ́ Opera gbé wọ́lẹ́ẹ̀tì yìí jáde nínú Opera Mini, ètò wọn tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, Nàìjíríà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, blockchain tí ń jẹ́ Celo ni wọ́n sì gbé e lé. Ẹ̀gbọ́n kò sọ ọ́ fún wa bí ìròyìn. Ó pín kíláàsì sí méjì, ó ní apá kan ni Opera, apá kejì ni Celo, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí ó ní àti ohun tí ó ń wá sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ Opera fi rí i pé àwọn ní èrò rẹpẹtẹ tí ó ti ń lo ẹ̀rọ wọn tẹ́lẹ̀ nítorí pé kì í jẹ dátà, ṣùgbọ́n pé àwọn kò ní ọ̀nà tí àwọn èrò náà lè gbà fi owó ránṣẹ́ síra wọn. Ẹgbẹ́ Celo ní blockchain tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré, tí ènìyàn sì lè fi nọ́ńbà fóònù fi owó ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọn kò ní èrò tó ti Opera. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti kọ àdéhùn tiwa, a sì ti jà lórí ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ fún oníbàárà tuntun, èyí tí mo rò pé àwọn tí ó ṣe àdéhùn gidi náà kò ní ṣàìjà lé lórí.

Ẹ̀gbọ́n fi ti Starbucks, iléeṣẹ́ kọfí ti Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, iléeṣẹ́ yẹn kéde Odyssey, ètò ẹ̀bùn fún àwọn oníbàárà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí blockchain tí ń jẹ́ Polygon, gbogbo àwọn oníkírípítò sì ń pariwo pé BD ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ti ètò náà pa. Ìbéèrè tí Ẹ̀gbọ́n bi wá ni pé ta ni ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ yóò le sí i bí ètò náà kò bá sí? Ó jẹ́ kí ìbéèrè náà wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfún wa ní ìdáhùn, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń bi wá ní ìbéèrè yìí kan náà lórí gbogbo àbá tí a bá gbé wá.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni iṣẹ́ àṣedánrawò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti rí iye owó mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú iléeṣẹ́ tàbí ètò kírípítò kan tí ó wà ní tòótọ́, yóò ka gbogbo ìwé tí wọ́n fi síta lórí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, yóò lọ sí DeFiLlama, ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́, láti rí iye owó tí àwọn ènìyàn fi sínú rẹ̀ àti blockchain tí owó náà wà, lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ orúkọ àwọn tí ó lè bá a dòwò pọ̀. Ìdí gbọ́dọ̀ wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá kọ ọ́ pé àjọṣe náà yóò ṣe àwọn méjèèjì láǹfààní, Ẹ̀gbọ́n yóò fa ìlà pupa sí i, yóò ní kí o sọ àǹfààní wo, fún ta ni, àti ìgbà wo ni yóò hàn. Lẹ́yìn èyí ni ìwé àbá olójú-ewé kan, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa bẹ̀rù: kí o kọ̀wé gan-an sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí lórí Telegram, LinkedIn tàbí X. Òfin kan ni wọ́n gbé kalẹ̀ tí n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀, pé o gbọ́dọ̀ sọ nínú ìlà àkọ́kọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ àti pé o kò ṣojú fún iléeṣẹ́ kankan.

Ìwé kíkọ yìí le ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, pàápàá fún àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà pé kí á kí ènìyàn dáadáa, kí á béèrè ara àti ilé, kí á tó sọ ohun tí ó gbé wa wá. Ìwé àkọ́kọ́ tí èmi kọ kún fún ọ̀wọ̀, ohun tí mo fẹ́ sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ẹni tí ń fi fóònù kàwé kò ní dé. Ẹ̀gbọ́n kò ní kí á má kí ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀wọ̀ tí a lè bù fún ẹni tí ìwé ọgọ́rùn-ún wà níwájú rẹ̀ ni pé kí á má fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ó ń ka gbogbo ìwé kí á tó fi ránṣẹ́, ó sì ń dá a padà títí yóò fi kúrú. N kò mọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní Ifẹ̀ tí olùkọ́ ti ń jókòó ti iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan báyìí.

Ẹni tí ó ta gbogbo wa yọ ni ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, tí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní OAU fà wá síbẹ̀. Òun ni ó dàgbà jù nínú kíláàsì, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì dùn ju ti ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò ní àlàfo: orúkọ ẹni tí ó kọ̀wé sí, ọjọ́ tí ó kọ ọ́, ohun tí ẹni náà sọ, ìgbà tí òun yóò padà lọ bá a, àti ohun tuntun tí òun yóò mú lọ nígbà náà, nítorí kì í padà lọ bá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfo. Àwa yòókù máa ń dákẹ́ bí ẹni tí a kọ̀wé sí bá dákẹ́, ṣùgbọ́n ìyá yìí kì í dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí ẹnì kan tí ó dá iléeṣẹ́ ìsanwó sílẹ̀ ní Èkó gbà níkẹyìn láti bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò, Ẹ̀gbọ́n bi í pé, “Mà, ta ni ó kọ́ yín ní èyí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Òṣómàáló ni bàbá tó bí ìyá mi. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá jẹ wá lówó, ká má bínú sí i, ká ṣáà jẹ́ kó máa rí wa.” Mo rò pé bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá gbọ́n, wọn yóò bẹ ìyá yìí kí ó wá máa kọ́ni ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Mo tún gbóríyìn fún wọn lórí bí wọ́n ṣe ya BD sọ́tọ̀ kúrò lára fífa ènìyàn wọlé fún ìpín. Nígbà tí FTX, ilé pàṣípààrọ̀ kírípítò ńlá kan, wó ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Nàìjíríà tí wọ́n ti ń polówó rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí aṣojú, àwọn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ náà sì wá ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn. Ti CBEX, ètò ìdókòwò kírípítò tí ó wó ní oṣù kẹrin ọdún 2025, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àjọ SEC, tí ń ṣàkóso ìdókòwò ní Nàìjíríà, sọ pé wọn kò forúkọ sílẹ̀ rárá, inú bí àwọn tí wọ́n jẹ lówó dé ibi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn, wọ́n sì kó ẹrù ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ fún wa gbangba pé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá ti ń wá láti ara iye ènìyàn tí o fà wọlé, tí àwọn náà sì gbọ́dọ̀ fa ẹlòmíràn wọlé, kì í ṣe BD, orúkọ yòówù kí wọ́n fi pè é. Ẹnì kan bínú kúrò ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tí ó ń dùn ún.

Wọ́n kọ́ wa dáadáa, pẹ̀lú, nípa àwọn tí ń fi iṣẹ́ ayédèrú jalè. Ní oṣù kẹta ọdún 2022 ni wọ́n jí ohun tí ó ju mílíọ̀nù 600 dọ́là lọ nínú Ronin, blockchain tí eré Axie Infinity ń lò. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé àwọn olè orí ẹ̀rọ láti Kòríà Àríwá ni, ìròyìn tí ó sì jáde lẹ́yìn náà ni pé ìwé ìgbanisíṣẹ́ ayédèrú kan tí òṣìṣẹ́ kan ṣí ni wọ́n gbà wọlé. Nítorí náà, bí ẹni tí ó pè ọ́ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá ní kí o kọ́kọ́ gba ètò kan tí o kò gbọ́ rí sórí kọ̀ǹpútà rẹ, má gbà á.

Ọ̀rọ̀ iyàrá kò gùn. Ó mọ́, sólà wọn kò jẹ́ kí iná da ẹ̀kọ́ rú, ṣùgbọ́n ooru ibẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kì í ṣe kékeré, àga náà sì le.

Àléébù tí ó wúwo jù lójú mi ni ti òfin. Wọn kò lò tó wákàtí kan lórí rẹ̀ nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí báǹkì tàbí oníṣòwò kan yóò bi ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ kírípítò wá ni pé ṣé ìjọba gbà bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún díẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì àwọn tí ń ṣòwò kírípítò pa, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra, wọ́n sì ń tà láàárín ara wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ kan náà gbé ìlànà jáde tí ó fàyè gba àwọn báǹkì láti ṣí àkáǹtì fún àwọn iléeṣẹ́ kírípítò. Ẹnu kò tíì kúrò lórí ìyẹn tí wọ́n fi mú ọ̀gá méjì ti ilé pàṣípààrọ̀ Binance ní Àbújá ní oṣù kejì ọdún 2024, tí Binance sì fòpin sí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ mọ́ náírà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni SEC ṣí ètò kan tí àwọn iléeṣẹ́ yóò gbà wọlé kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ, Quidax àti Busha, ilé pàṣípààrọ̀ méjì ní Nàìjíríà, sì ni ó kọ́kọ́ rí ìfọwọ́sí alákọ̀ọ́kọ́ gbà ní oṣù kẹjọ. Nígbà tí ó di ọdún 2025, òfin tuntun lórí ìdókòwò fi dúkìá orí ẹ̀rọ sí abẹ́ àṣẹ SEC.

Ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe tẹ̀ léra kò lè bá aláṣẹ báǹkì kankan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó má gbé e ṣubú. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n, nítorí nígbàkígbà tí ẹnì kan bá bi í ní ìbéèrè lórí rẹ̀, ó ń dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́, ohun tí kò bá sì sí nínú ìwé ẹ̀kọ́, ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè kò ní gbọ́ ọ. Wọn ìbá yọ ọ̀sẹ̀ kejì, tí wọ́n fi ń sọ ìyàtọ̀ láàárín BD àti ìpolówó ọjà ní àsọtúnsọ, kí wọ́n fi ti òfin sípò rẹ̀.

Bákan náà ni wọn kò sọ púpọ̀ nípa bí a ṣe ń gbowó iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kírípítò ń san apá kan owó oṣù pẹ̀lú tókìnì tiwọn, èyí tí wọn kò ní gbé lé ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àdéhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé yóò máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, tí o kò sì ní rí nǹkan kan gbà bí o bá kúrò kí ọdún àkọ́kọ́ tó pé. Ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n bá ṣèlérí tókìnì fún tí kò mọ èyí yóò ka owó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ owó. A kò sì gbọ́ ohunkóhun nípa owó orí, bẹ́ẹ̀ ni òfin owó orí tuntun, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, kò yọ èrè dúkìá orí ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí, ẹgbẹ́ WhatsApp kan ni ó wà, tí wọ́n ń fi ìpolówó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè rí fúnra rẹ̀ ṣọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ nínú ìpolówó wọ̀nyí ń béèrè ìrírí ọlọ́dún gbọọrọ, àwọn kan sì ń fẹ́ ẹni tí yóò jí ní àkókò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣiṣẹ́. Nínú àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́, mo mọ ẹnì kan tí ó ti wọlé, ìdí tí wọ́n sì fi gbà á ni pé ó fi iṣẹ́ àṣedánrawò rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tí ó kọ ọ́ lé lórí gan-an, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó ti bá sọ̀rọ̀ àti ohun tí wọ́n sọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tí Ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí, tí mo sì rò pé ó bọ́gbọ́n mu, ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wọlé láti ẹnu iṣẹ́ kékeré, bíi dídáhùn ìbéèrè àwọn oníbàárà tàbí bíbójú tó ẹgbẹ́ àwọn olùlò lórí Telegram, nítorí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń mọ ohun tí ó ń dun oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan Ifẹ̀ nìkan, n óò sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì. Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí yóò máa jókòó ti kọ̀ǹpútà ní òru, a kò sì tíì gbàgbé bí EFCC ṣe wá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU ní ilé wọn ní òru ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí ariwo rẹ̀ sì mú kí ọ̀gá àjọ náà fòfin de irú ìgbòkègbodò bẹ́ẹ̀ ní òru. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wa láti máa ṣe, tí ọjọ́ àti orúkọ wà nínú rẹ̀, yóò wúlò fún ẹni tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè nípa ibi tí owó rẹ̀ ti wá.

Bí ẹ bá ti ta ọjà rí, tàbí tí ẹ ti bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wá onígbọ̀wọ́ rí, tí ẹ sì lè fi gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé tí ó já gaara, ẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé kírípítò ni ẹ fẹ́ máa rà tí ẹ ó máa tà, ẹ má lọ, ₦80,000 náà yóò wúlò fún yín níbòmíràn. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọjá hàn yín, ẹ sì béèrè bóyá Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni yóò máa kàwé yín, nítorí mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú olùkọ́ kejì wá. Wọ́n ń gba owó náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìdajì kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ìdajì ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ san án, nítorí tí ó bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin tí ẹnikẹ́ni kò tíì fa ìlà pupa sí ìwé yín, ẹ óò ti mọ̀ pé ìdajì kejì kò yẹ kó kúrò lọ́wọ́ yín.